Ẹ gbé mẹ́mọ́rì tiyín dání lọ sọ́jà: bí a ṣe ń yan ẹ̀rọ orin kékeré fún ìlò ojoojúmọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí. Ìfàkì ni mò ń gbé, Adó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ èrò ni mo sì ń wọ̀ lọ, wọ̀ bọ̀. Orin àti ìwàásù tí mò ń gbọ́ lójú ọ̀nà kì í jẹ́ kí bátìrì fóònù mi di ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ fóònù yẹn náà ni mo fi ń gba owó, òun ni mo fi ń bá àwọn òbí ọmọ sọ̀rọ̀. Mo wá pinnu láti ra MP3 kékeré kan. Ọlọ́jà kan ní Adó fi mẹ́ta hàn mí: ọ̀kan tí kò wọ́n rárá tí wọ́n kọ 64GB sí lára, ọ̀kan tó wọ́n gan-an tó ní àmì Hi-Res, àti iPod tòkunbọ̀ kan. Orin jùjú àtijọ́ tí wọ́n bá bàbá mi yí kúrò lórí rẹ́kọ́ọ̀dù, ìwàásù gígùn, àti rédíò ni mo sábà máa ń gbọ́. Èwo ni kí n mú? Bàbá mi náà ń fẹ́ ọ̀kan.

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ wa, ẹ kú ọ̀nà o, ẹ sì kú ìtọ́jú bàbá. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa yí rẹ́kọ́ọ̀dù àti kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sí fáìlì tí ẹ̀rọ òde òní lè kà, nítorí náà mo máa ń rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí orin lẹ́yìn tó bá ti kúrò lọ́dọ̀ mi. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ènìyàn máa ń padà wá sọ pé orin òun ti bàjẹ́, tó sì jẹ́ pé kò sí ohun tó ṣe orin. Ẹ̀rọ tó rà ni kò mọ orin í tọ́jú.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ: kì í ṣe ohùn ni ẹ̀rọ orin fi ń já ènìyàn kulẹ̀ láyé ìsinsìnyí, ìlò ni. Èròjà tó ń sọ nọ́ńbà inú fáìlì di ohùn kò wọ́n mọ́, débi pé MP3 tí kò tó nǹkan pàápàá lè gbé orin jáde kó sì dùn létí. Ibi tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ pọ́ọ́kú ti ń dín ìnáwó kù ni bọ́tìnì, bátìrì, àti ètò inú ẹ̀rọ tó ń to orin, tó sì ń rántí ibi tí ẹ gbọ́ ọ dé. Ẹ kò ní rí ìyẹn lára páálí. Nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ gàdàgbà sára páálí, ọwọ́ àti etí yín nìkan ló sì lè sọ ìyókù fún yín, kí ẹ tó kúrò níwájú ọlọ́jà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí èyí tí wọ́n kọ 64GB sí, torí òun ló ń kọ mí lóminú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àti irú mẹ́mọ́rì bẹ́ẹ̀, wà káàkiri tó jẹ́ pé àyè tó wà nínú rẹ̀ lè má ju 4GB tàbí 8GB lọ, àmọ́ tí wọ́n ti tún ètò inú rẹ̀ kọ kó lè máa pe ara rẹ̀ ní 64GB fún kọ̀ǹpútà. Ẹ ó máa kó orin sí i, kò ní kọ̀, kò ní fi nǹkan kan hàn. Nígbà tí àyè gidi bá kún tán, orin tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í bo orin àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, tàbí kí ẹ̀rọ kàn kọ orúkọ fáìlì sílẹ̀ láìsí ohunkóhun nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá orin bàbá, orúkọ lẹ ó rí, ohùn kò ní jáde.

A lè mọ̀ ọ́n kó tó di ìyẹn. Tí ẹ bá ti ra ẹ̀rọ tàbí mẹ́mọ́rì, kí ẹ tó kó nǹkan gidi sí i, ẹ ní kí ọmọ tó ń bá yín fi orin sí mẹ́mọ́rì lo ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ H2testw lórí Windows, tàbí F3 tó bá jẹ́ Linux ló ń lò. Àwọn ètò wọ̀nyí á kọ nǹkan kún gbogbo àyè tí mẹ́mọ́rì sọ pé òun ní, wọ́n á wá kà á padà wò bóyá ohun tí wọ́n kọ ló ṣì wà níbẹ̀. Ó máa ń pẹ́, àmọ́ kò sí irọ́ tó lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Tí kò bá sí kọ̀ǹpútà nítòsí, ẹ kó orin sí i títí yóò fi kún, kí ẹ wá tẹ ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn láti gbọ́ wọn. Ẹ má ṣe bínú sí ọlọ́jà o bí 32GB bá fara hàn bíi 29.8 lórí kọ̀ǹpútà. Ìṣirò ló yàtọ̀: ẹni tó ṣe mẹ́mọ́rì ń ka 1GB sí báìtì 1,000,000,000, Windows sì ń kà á sí 1,073,741,824. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Ẹ kò tilẹ̀ nílò 64GB. Fáìlì orin MP3 tí wọ́n ṣe ní 128kbps (kbps ni iye dátà tí ìṣẹ́jú àáyá kan orin ń gbà) ń gba nǹkan bíi 1MB fún ìṣẹ́jú kan. Ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù jùjú tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 20 yóò gba nǹkan bíi 20MB. Kódà tí ẹ bá ṣe é ní 320kbps, tó jẹ́ òkè pátápátá fún MP3, kò ní ju nǹkan bíi 48MB lọ. Mẹ́mọ́rì 32GB tó jẹ́ ojúlówó á gba ojú rẹ́kọ́ọ̀dù tó lé ní 600 ní ìwọ̀n yẹn. Mi ò mọ iye tí bàbá ní, àmọ́ ó dá mi lójú pé àyè á kù.

Nítorí náà, ẹ̀rọ tó ní ihò mẹ́mọ́rì ni kí ẹ wá, kì í ṣe èyí tí gbogbo àyè rẹ̀ wà nínú tí a kò lè yọ. Tí ẹ̀rọ bá kú, ẹ ó yọ mẹ́mọ́rì, orin á sì tẹ̀lé yín lọ sínú òmíràn. 32GB náà ni kí mẹ́mọ́rì yẹn jẹ́. Mẹ́mọ́rì tó tó 32GB ń lo ìlànà ìto fáìlì tó ń jẹ́ FAT32, tí gbogbo ẹ̀rọ mọ̀. Láti 64GB lọ sókè, exFAT ni wọ́n ń lò, ọ̀pọ̀ MP3 pọ́ọ́kú kò sì gbọ́ èdè yẹn. Yóò sọ fún yín pé mẹ́mọ́rì ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ̀dà orin bàbá míì wà nílé, lórí kọ̀ǹpútà tàbí fláàṣì. Ẹ̀dà kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ wà nínú ohun tó lè bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ó kan èyí tó ní àmì Hi-Res. Àmì yẹn kì í ṣe irọ́. Ẹgbẹ́ kan ní Japan, Japan Audio Society, ló ń ṣàkóso rẹ̀, ohun tó sì túmọ̀ sí ni pé ẹ̀rọ náà lè gbé ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 96kHz àti 24-bit: kHz ni iye ẹgbẹ̀rún ìgbà tí wọ́n ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bit sì ni bí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ṣe kúnná tó. Sídì lásán, láti ọdún 1982 tó ti dé, 44.1kHz àti 16-bit ló ń lò, ìyẹn sì tó láti gbé gbogbo ohùn títí dé èyí tó ń gbọ̀n ní nǹkan bíi ìgbà 22,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan (22,000Hz). Etí ọ̀dọ́ tó dá pé dáadáa kì í gbọ́ ju nǹkan bíi 20,000Hz lọ, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ bí ọjọ́ bá ṣe ń gorí ọjọ́. Ẹ wá wò ó: rẹ́kọ́ọ̀dù tó ti dàgbà, tí eruku ti wọ ojú rẹ̀, tí abẹ́rẹ́ ti gbà kọjá lára rẹ̀ láìmọye ìgbà, nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń hó, tí èrò ń sọ̀rọ̀. Kò sí ohun tí 96kHz fẹ́ bá yín ṣe níbẹ̀.

Ohun tó ń ba orin bàbá jẹ́ gan-an wà níbòmíràn, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ eléyìí. Ọ̀nà tí MP3 ń gbà mú fáìlì kéré, tó jẹ́ pé iléeṣẹ́ ìwádìí Fraunhofer ní Jámánì wà lára àwọn tó ṣe é, ni pé ó ń gé àwọn ohùn tí etí kò ní tètè mọ̀ pé ó ti lọ. Tí wọ́n bá gé díẹ̀, ẹ kò ní mọ̀. Tí wọ́n bá gé púpọ̀, bíi kí wọ́n ṣe é ní 64kbps torí kí orin lè pọ̀ lórí mẹ́mọ́rì kékeré, ohun tó yẹ kí ẹ gbọ́ ni wọ́n ń gé yẹn. Ibi tí yóò ti hàn kọ́kọ́ ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Dùndún lè la gígé yẹn já, gìtá náà lè là á já, ohùn ẹni tó ń kọrin lè là á já. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kì í là á já, torí ohùn wẹ́wẹ́ tó ga, tó pọ̀, tó ń yára yí padà ló wà nínú rẹ̀. Dípò kí ẹ gbọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń lu igbá lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò máa dún bí omi tó ń hó lórí iná. Tí ẹ bá gbọ́ ìyẹn nínú orin bàbá, kò sí ẹ̀rọ kankan láyé yìí, ìbáà ní àmì Hi-Res mẹ́wàá, tó lè tún un ṣe. Ohun tí wọ́n ti gé sọnù kì í padà. Ẹni tó bá ní òun á bá yín sọ fáìlì 64kbps di 320kbps, fáìlì ló ń mú tóbi, kì í ṣe orin ló ń tún ṣe.

Bí rẹ́kọ́ọ̀dù bàbá bá ṣì wà nílé, tí ẹni tó yí i sì ṣeé bá sọ̀rọ̀, ẹ ní kó tún un ṣe ní FLAC. FLAC ń mú fáìlì kéré láìgé nǹkan kan sọnù. Ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdajì ohun tí sídì ń gbà. Èyí ni kí ẹ tọ́jú sílé. Ẹ wá ti inú rẹ̀ ṣe MP3 ní 192kbps sókè, kí ẹ máa gbé e kiri. Iṣẹ́ ọjọ́ kan yìí á mú orin yín dùn ju owó tí ẹ ìbá fi ra ẹ̀rọ Hi-Res lọ.

Èmi kò bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn ẹ̀rọ ńlá yẹn o. Sony ṣì ń ṣe Walkman, FiiO àti HiBy láti ilẹ̀ Ṣáínà náà ń ṣe tiwọn, iṣẹ́ wọn sì mọ́. Agbára wọn láti gbé hẹ́dífóònù ńlá dára, ara wọn le. Àmọ́ íápíìsì kékeré tí ẹ máa fi gbọ́ kò béèrè agbára púpọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún ń lo Android, ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó tàn, bátìrì wọn sì máa ń lọ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹ kò lò wọ́n. Ìyẹn kò bá ẹni tó ń wọ ọkọ̀ láàárọ̀ mu.

iPod ní tirẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 2001 ni àkọ́kọ́ jáde pẹ̀lú 5GB, oṣù karùn-ún ọdún 2022 sì ni Apple kéde pé àwọn ò ní ṣe é mọ́. Bátìrì èyí tí ẹ rí yẹn ti darúgbó. Àwọn tó ní dísíìkì onírin tó ń yí nínú wọn kò fẹ́ràn ọ̀nà olókùúta wa. Ohun tó sì máa yọ yín lẹ́nu jù ni pé ẹ kò lè kàn kó orin sí i bí ẹ ṣe ń kó o sí fláàṣì. Ó ní láti gba inú ètò Apple bíi iTunes lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní rédíò, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í ka FLAC.

Kí wá ni kí ẹ rà? Ẹ padà sọ́jà, ẹ wá MP3 tó wà láàárín, tó ní ihò mẹ́mọ́rì, tó ní bọ́tìnì gidi, tó ní rédíò, tó ní ihò íápíìsì oníwáyà lásán, tó ń ka FLAC bó bá ṣeé ṣe. Ẹ mú nǹkan mẹ́ta dání: mẹ́mọ́rì tiyín, íápíìsì tiyín, wáyà ṣájà fóònù tiyín. Lórí mẹ́mọ́rì yẹn, ẹ ti fi àwọn fáìlì díẹ̀ sí i: ojú rẹ́kọ́ọ̀dù kan tí wọ́n gé sí orin tó lé ní mẹ́wàá tàbí kí ẹ pa fódà méjì pọ̀ kó tó bẹ́ẹ̀, ìwàásù wákàtí kan, orin kan tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mọ́, orin jẹ́jẹ́ kan tí ohùn kan ṣoṣo ń kọ, àti fáìlì kan tí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì Yorùbá. Ọlọ́jà tó mọyì oníbàárà á gbà kí ẹ dán an wò. Èyí tí kò bá gbà, ẹ kọjá síwájú.

Ètò orin ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ ṣí fódà, kí ẹ wo bí orin ṣe tò. Àwọn ẹ̀rọ kan kì í wo orúkọ rárá, bí ẹ ṣe kó orin sí mẹ́mọ́rì ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́: èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé. Àwọn mìíràn ń wo orúkọ, àmọ́ wọ́n á fi 10 ṣáájú 2. Èkejì yẹn kò le, ẹ kọ 01, 02, 03 síwájú orúkọ, ó parí. Ti àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, torí ìgbàkígbà tí ẹ bá fi orin kún un, ẹ ní láti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí ẹ tún un kó bó ṣe yẹ kó tò. Ẹni tó ń gbọ́ Bíbélì olóhùn tàbí ìwàásù alápá púpọ̀ kò lè fara da ìyẹn fún oṣù kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ojú rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n gé, kí ẹ gbọ́ ibi tí orin kan ti ń parí tí èkejì ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ bí jùjú ṣe rí: àwọn onílù kì í dúró, orin kan ń wọnú èkejì títí ojú rẹ́kọ́ọ̀dù yóò fi tán. Ẹ̀rọ tí kò dáa á dákẹ́ fẹ́ẹ́ láàárín méjèèjì, ìlù á já, ijó á já. MP3 fúnra rẹ̀ ló ń fi ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí fáìlì, ẹ̀rọ tó mọṣẹ́ ló mọ bí wọ́n ṣe ń fò ó. Fún jùjú àti fújì, èyí ṣe pàtàkì lójú mi ju gbogbo nọ́ńbà tó wà lára páálí lọ. Tí ẹ kò bá rí ẹ̀rọ tó lè ṣe é, ẹ má gé ojú rẹ́kọ́ọ̀dù rárá, ẹ fi í sílẹ̀ ní fáìlì kan ṣoṣo.

Fáìlì gígùn wá ń béèrè ohun mìíràn. Ẹ tẹ ìwàásù wákàtí kan yẹn, ẹ sáré dé àárín rẹ̀, kí ẹ sì wo bó ṣe ń pẹ́ tó. Ẹ̀rọ tó dáa, bí ẹ bá ṣe ń tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ ni yóò ṣe máa yára sí i. Èyí tí kò dáa á máa fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀díẹ̀ rìn, ẹ ó dé Adó kó tó dé ibi tí ẹ ń lọ. Nígbà tó bá dé àárín, ẹ pa ẹ̀rọ pátápátá, ẹ tún tàn án. Ṣé ibi tí ẹ ti dúró ló ti bẹ̀rẹ̀, àbí orin àkọ́kọ́ inú mẹ́mọ́rì ló ń gbé? Ẹ tún un ṣe, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ẹ lọ gbọ́ orin mìíràn láàárín, kí ẹ tó padà sí ìwàásù. Ẹ̀rọ tó bá rántí lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dì í mú.

Ẹ wo orúkọ fáìlì Yorùbá yẹn náà. Lára ọ̀pọ̀ MP3 pọ́ọ́kú, ẹ ó rí àmì ìbéèrè tàbí àpótí òfìfo níbi tó yẹ kí ẹ ti rí lẹ́tà. Kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà kan pàtó fún «á», ó ní fún «ọ», ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún «ọ́» tó ní àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ ní láti to àmì lé lẹ́tà lórí fúnra rẹ̀, àwọn tó ṣe ẹ̀rọ kékeré kì í sì ro tiwa mọ́ ọn. Ó dùn mí pé bó ṣe rí nìyẹn, torí orin Yorùbá yẹ kó lè jẹ́ orúkọ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí a fowó wa rà. Tí gbogbo nǹkan yòókù bá dára, ẹ má tìtorí èyí fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Ẹ kọ orúkọ fáìlì tí ẹ ń gbé kiri láìsí àmì, kí ẹ fi àmì sí ti ilé.

Bọ́tìnì: ẹ ti ẹ̀rọ bọ àpò, kí ẹ gbìyànjú láti dá orin dúró, kí ẹ fò ó, kí ẹ dín ohùn kù, láìwò ó. Tí ẹ bá ní láti yọ ọ́ síta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò wúlò nínú ọkọ̀ tí ènìyàn mẹ́rin ti fún pọ̀ lórí ìjókòó kan. Ó yẹ kó ní ohun tí a fi ń ti bọ́tìnì pa kí àpamọ́wọ́ má baà máa tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ojú tí a ń fọwọ́ rá lórí dára lójú, kò dára nínú àpò.

Ẹ gbọ́ orin jẹ́jẹ́ ní ohùn tó lọ sílẹ̀ pátápátá. Ṣé ẹ gbọ́ «ṣṣṣ» lẹ́yìn rẹ̀? Díẹ̀ kò burú, ọkọ̀ á bò ó. Ẹ fi ohùn lé e ní ìpele kan: ṣé ó fò láti orí èyí tí ẹ kò gbọ́ sí èyí tó pariwo jù? Ìyẹn ló burú, ẹ ó sì máa bá a jà lálaalẹ́.

Bátìrì kò ṣeé wò lọ́jà, torí iye wákàtí tó wà lára páálí jẹ́ ti ohùn tó lọ sílẹ̀, síkírìnì tó kú, láìsí Bluetooth. Ohun tí ẹ lè wò ni bó ṣe ń gba iná. Èyí tó ní ẹnu USB-C ni kí ẹ mú bí fóònù yín bá ń lò ó, kí wáyà kan lè máa ṣiṣẹ́ fún méjèèjì. Ẹ ki wáyà tiyín bọ̀ ọ́ níbẹ̀: àwọn ẹ̀rọ pọ́ọ́kú kan wà tí kì í gba iná láti ara wáyà tó ní USB-C lẹ́nu méjèèjì, àfi èyí tó ní ẹnu pẹlẹbẹ àtijọ́ lápá kan. Lẹ́yìn tí ẹ bá rà á, ẹ má fi í sílẹ̀ níwájú ọkọ̀ nínú oòrùn, ẹ má sì fi iná sí i níbi tó gbóná. Ooru ló ń pa irú bátìrì yìí ju ìlò lọ.

Bluetooth ń ṣiṣẹ́, àmọ́ bátìrì méjì lẹ ó máa bójú tó, rédíò inú ẹ̀rọ kò sì ní lè gbé láìsí íápíìsì oníwáyà, torí wáyà íápíìsì yẹn gan-an ni eriálì rẹ̀. Rédíò wá jẹ́ ohun kan tí ẹ kò lè dán wò lọ́jà Adó kó yé yín. Ní àárín ìlú, Ekiti FM 91.5 àti Progress FM 100.5 á wọlé ketekete lórí ẹ̀rọ tí kò dára pàápàá. Àmọ́ òkè ló yí wa ká ní Èkìtì, ìgbì FM sì ń fẹ́ kí ọ̀nà gbọọrọ wà láàárín òun àti eriálì. Ẹni tó wà ní Ẹ̀fọ̀n tàbí lẹ́yìn òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ bá ọlọ́jà sọ ọ́ kí ẹ tó sanwó pé ẹ ó gbé e dé Ìfàkì, ẹ ó sì dá a padà láàárín ọjọ́ méjì tó bá jẹ́ pé ariwo nìkan ló ń gbé nínú ilé yín. Ẹ gba rìsíìtì.

Bí owó bá ṣẹ́ kù, íápíìsì ni kí ẹ ná an lé, èyí tó ní rọ́bà rírọ̀ tó ń dí ihò etí dáadáa. Ìdí pàtàkì rẹ̀ kì í ṣe ìgbádùn nìkan. Nínú ọkọ̀, ariwo ẹ́ńjìnnì ló ń mú kí a máa fi ohùn kún un, etí ló sì ń sanwó rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé àgbàlagbà lè gbọ́ ohùn tó jẹ́ 80 decibel (òṣùwọ̀n ariwo) fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ kan. Bí ohùn bá fi 3 lé sí i, wákàtí á já sí ìdajì: ní 83, wákàtí 20, ní 86, wákàtí 10. MP3 yín kò ní fi decibel hàn yín, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó kọjá 60 nínú 100 gbogbo agbára rẹ̀. Íápíìsì onírọ́bà tó dí etí á jẹ́ kí ìyẹn tó yín. Tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ tí ẹ fẹ́ sọdá títì tàbí tí ẹ gun ọ̀kadà, ẹ yọ ọ́.

Kí ẹ tó lọ sọ́jà rárá, ẹ wo inú dúrọ́ọ̀ yín bóyá fóònù Android àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tí bátìrì rẹ̀ ṣì dúró díẹ̀. Ẹ yọ síìmù rẹ̀, ẹ pa dátà, ẹ fi VLC, ètò tó ń gbé orin, sí i, ọ̀fẹ́ ni. Yóò to orin bó ṣe yẹ, yóò ka FLAC, àmì Yorùbá á sì hàn dáadáa. Ó tóbi ju MP3 lọ, kò sì ní bọ́tìnì tó pọ̀, àmọ́ owó yín á wà lápò.

Ti bàbá yàtọ̀. Ẹ má ra MP3 fún wọn, lẹ́tà kékeré àti íápíìsì á dá wọn lágara. Rédíò onímẹ́mọ́rì tí àwọn àgbẹ̀ ń gbé lọ sóko ni kí ẹ rà, èyí tó ní ẹnu ìgbohùn tirẹ̀, bọ́tìnì ńlá, àti iná tọ́ọ̀ṣì. Kò ní dùn tó ti yín nínú ohùn ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á lò ó láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ojú rẹ́kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan sí i ní fáìlì kan, kí ẹ fún un ní nọ́ńbà, kí bọ́tìnì kan lè gbé wọn láti ojú kan bọ́ sí èkejì. Ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó: èyí tó ń lo bátìrì BL-5C, irú ti àwọn Nokia àtijọ́, ni kí ẹ mú, torí ibi gbogbo ni wọ́n ti ń tà á. Ẹ ra méjì, àti ṣájà tí wọ́n ń ki bátìrì bọ̀, kí ọ̀kan máa gba iná nígbà tí èkejì bá wà lẹ́nu iṣẹ́.